Àṣírí Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Mi

Ọkọ mi kì í gba ìmọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá ti kú tán, gbogbo ayé á sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Èèyàn dáadáa ni, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni. Télọ̀ ni, agbádá ló ń rán jù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà agboolé wọn ní Ìwó. Bí ẹnìkan bá gbé aṣọ wá, tó wá fẹ́ máa kọ́ ọ bí yóò ṣe gé e, á dìde nídìí ẹ̀rọ, á ní kí onítọ̀hún jókòó kó máa rán an lọ. Àwọn oníbàárà á bínú lọ, wọ́n á tún padà wá, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Èmi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí. Mo kàwé dé ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù, mo sì gbọ́ òyìnbó dáadáa. Nígbà tí mo ní Mùsùlùmí ni n ó fẹ́, bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan. Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ ọdún Kérésìmesì rẹ̀ lọ fún ọkọ mi pé kó bá òun rán an, ìjà sì parí síbẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ọkọ mi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu láyé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni. Bàbá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì ń rákòrò, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì tọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n ń gbé e kọ́ èjìká lọ sí oko kòkó wọn lọ́nà Ilé-Ogbó, àwọn ni wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ, àwọn ni wọ́n sì ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún un. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti oko dé, ọkọ mi, tó ti bímọ méjì, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yẹ̀pẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, á jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yó bámúbámú. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí àwa méjì bá kù. Mo máa ń bi í pé bí Bàbá bá ní kó gun orí igi lọ sùn ńkọ́? Á ní òun á béèrè igi wo ni.

Ọdún díẹ̀ ló kù kí òmìnira dé nígbà tí àìsàn yẹn kọlù ú. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ni àyà mú un. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé òun láyà, tí wọ́n tún wá ń lọ ata lórí rẹ̀. Òógùn bò ó, apá òsì rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ sì funfun. Ilé ìwòsàn kékeré tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní kí a máa gbé e lọ sí Ìbàdàn kíá. Ọsibítù ńlá ni wọ́n gbà á sí níbẹ̀, ó sì lo oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi.

Dókítà ibẹ̀, òyìnbó kan tó ní sùúrù, ṣàlàyé fún mi ní èdè rẹ̀, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní àwọn iṣan wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ọ̀kan nínú wọn, ó sì dí i. Mo bi í bóyá wọn kò lè ṣí i. Ó ní rárá. Nígbà náà kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọmọ mi obìnrin àgbà, tí òun náà ti di ìyá àgbà báyìí, ni wọ́n ki okùn tín-ín-rín bọ iṣan rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ọkàn láìpẹ́ yìí, tí wọ́n la ibi tó dí, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ni kí a máa ṣọ́ jù lọ, mo ní kí wọ́n bá mi wá àga. Wọ́n rò pé ogbó ni.

Ohun tí wọ́n ní fún ọkọ mi nígbà náà ni oògùn oníhóró kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Dókítà sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n tún un sọ fún òun. Kó má ṣe jẹ́ kí abẹ kan ara rẹ̀. Kó má yọ eyín. Kó má gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri ilé. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó máa wá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ki jù, ọkàn á tún dí, bó bá sì ṣàn jù, á dà nù, kò sì ní dúró. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, kò ku ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òun ti gbọ́.

Inú lọ́rì tó ń gbé wa padà bọ̀ ní Ìwó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó rọra fẹ̀yìn ti igi ọkọ̀, ó ní:

"Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ yẹn, àárín èmi àti ìwọ ni o."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ẹ̀jẹ̀ dì sí mi láyà, wọ́n sì ti fún mi lóògùn. Fi mọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àtipa mí kò ní dààmú mọ́ tó bá gbọ́ ìyókù. Abẹ́rẹ́ aṣọ ti tó o."

"Ta ló ń wá ọ̀nà àtipa yín?"

"Ṣé ẹni tó ń wá a máa ń sọ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún Bàbá nìkan."

"Bàbá kò lè ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n inú wọn kì í gba ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ lónìí, gbogbo oko á gbọ́ lọ́la. Má sọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà náà, kò sí ilé tí wọn kì í fi irú rẹ̀ pamọ́. Bí obìnrin bá lóyún, kò ní sọ oṣù tó jẹ́. Bí ọkùnrin bá ń ṣàìsàn, wọ́n á ní ibà lásán ni. Ilé ni aṣeni ń gbé, gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn kí a tó mọ orúkọ ara wa. Èmi tí mo ń kọrin lọ́jọ́ ìsinmi pé n kò ní bẹ̀rù ibi, èmi náà bẹ̀rù rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, n kò ní sọ.

Ilé dùn nígbà tí a dé. Bàbá sunkún lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì bi mí pé kí ni dókítà ní ó ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ìdajì: ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn láyà, ó dí ọ̀nà ọkàn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ń tún un sọ lẹ́nu jẹ́jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ dì. N kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ronú ohun tí wọn yóò ṣe sí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà náà ni ọkọ mi gún ọwọ́ níbi tó ti ń gán bọ́tìnnì. Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí i láti kékeré ni, yóò fi ọwọ́ náà sẹ́nu, yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ náà, láti ìgbà tí wọ́n kírun àsárì títí oòrùn fi wọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú abẹ́rẹ́ kékeré yẹn. A wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn, mo fi àkísà dì í mọ́lẹ̀, àwa méjèèjì ń wo ara wa. Nígbà tó dá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó yẹ kí òun lọ bá dókítà pé oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín náà kò dé ọ̀dọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ń gé aṣọ, ó ń fi ẹ̀rọ rán an, èmi á gbé èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọlé. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé dókítà ní kí òun má fi ojú ṣe wàhálà.

Ìgbà méjì la lọ gba ẹ̀jẹ̀ wò. A sọ fún àwọn ará ilé pé òwú la lọ rà. Ìgbà kẹta, òjò ba ọ̀nà jẹ́, lọ́rì kò lè kọjá. A ní ká jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, òjò kò dáwọ́ dúró. Oògùn ṣì wà nílé, ó sì ń lò ó lọ láìsí ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé.

Òjò náà dá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ọjọ́ náà ni ọkọ mi fẹ́ kọ́kọ́ padà sí mọ́ṣáláṣí láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dúró. Mo ti lọ agbádá funfun rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí Bàbá wọlé láti oko, àwọn àti onígbàjámọ̀ kan tí wọ́n lọ mú wá láti Olúpọ̀nnà. Ọkùnrin náà gbé àpò awọ kọ́ èjìká, orúkọ rẹ̀ sì ti kàn dáadáa. Òun ló ń fárí fún àwọn àgbààgbà, òun ló sì ń fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀ burúkú kúrò lára ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún bá ń dùn. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́.

Bàbá ní kí wọ́n gbé àpótí síta. Wọ́n ní aláìsàn tó bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í gbé irun àìsàn wọ mọ́ṣáláṣí. Ìyẹn, mo ti retí rẹ̀. Mo gbé omi wá, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kí ọwọ́ ọkùnrin yìí má yẹ̀. Ó fá a dan. Ẹ̀yìn etí nìkan ni abẹ ti gé e díẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. Mo fi aṣọ nù ún. Ó tún jáde.

Mo rò pé ó ti parí. Bàbá wá ní kó bọ́ ẹ̀wù.

"Bàbá, ara mi ti yá," ni ọkọ mi wí.

"Ta ló bi ọ́? Ìyàwó rẹ ní ẹ̀jẹ̀ dì sí ọ láyà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì, ṣé bó ṣe máa jókòó síbẹ̀ nìyẹn? Èyí tó kù ni a ó fà jáde kó má baà tún padà wá. N kò tún fẹ́ irú ìjáyà yẹn mọ́. Bọ́ ẹ̀wù."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ìdajì tí mo sọ ló gbé onígbàjámọ̀ wá sílé.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà." Bàbá wò mí. Onígbàjámọ̀ wò mí. Ọkọ mi náà wò mí, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ẹnikẹ́ni kò rí i àfi èmi. Ohun tó ń sọ ni pé kí n dákẹ́.

"Kí ló dé, ìyàwó?"

"Wọn ò tíì jẹun ni, sà."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run dá sáyé, èyí ni mo rí sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó rere ni mí, yóò jẹun tó bá parí. Ọkọ mi bọ́ ẹ̀wù, ó sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní.

Inú máa ń bí mi sí i títí dòní. Ọkùnrin tó ń lé oníbàárà nítorí ọ̀rọ̀ ọrùn ẹ̀wù kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé rárá. Inú sì ń bí mi sí ara mi, nítorí orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ẹnu mi kò dí, òyìnbó kan sì ti mú mi tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Mo ń wo abẹ náà bó ṣe ń sín gbẹ́rẹ́ lọ ní oókan àyà rẹ̀, àti lẹ́yìn, láàárín ọ̀pá èjìká méjèèjì. Onígbàjámọ̀ gbé ìwo lé e, ó fi ẹnu fà á, ó dí ojú ihò rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Háà, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbí o." Inú rẹ̀ dùn. Inú Bàbá náà dùn.

Ó yẹ kí ó dá lẹ́yìn ìyẹn. Kò dá. Onígbàjámọ̀ tẹ òwú mọ́ ọn, òwú náà rin gbingbin. Ó bu eérú sí i. Ó ní kí wọ́n já ewé wá, ó fún omi rẹ̀ sójú gbẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó tú jáde bí omi ẹ̀rọ o, wọ́n kàn ń sun díẹ̀díẹ̀ ni, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àti ti ẹ̀yìn etí. Ẹní yí àwọ̀ padà. Ọkọ mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dìde lọ tọ̀. Nígbà tó padà dé, ó dì mọ́ ògiri, ó sì sọ fún mi lẹ́nu kẹ́lẹ́ pé pupa ni òun tọ̀.

Ìgbà náà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹnìkan ní kí wọ́n wo abẹ yẹn wò, bóyá wọ́n ti fi nǹkan sí i. Onígbàjámọ̀ ń búra. Bàbá, tí wọn kì í gbé ohùn sókè, gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù, wọ́n ń pariwo pé ta ló rán an, ta ló rán an sí àbúrò òun. Mo wo ojú onígbàjámọ̀ náà. Ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni, wọ́n sì lè pa á.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Oògùn ni. Oògùn tí wọ́n ń lò ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn dì. Dókítà ti sọ fún mi pé abẹ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n."

Bàbá jọ̀wọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí wọn kò rí rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n lọ wá ọkọ̀.

Kò sí ọkọ̀. Ìrun Jímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́rì mẹ́rin ló wà ní gáréèjì, àwọn tó ni wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn. A gbé ọkọ mi lọ síbẹ̀, a tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lọ́rì náà nítorí oòrùn, a sì dúró. Mo ń gbọ́ ohùn lèmọ́mù láti òkèèrè. Wàásù náà gùn. Mo fi ìró mi tẹ àyà rẹ̀, mo sì ń ka orin ìyìn kan tó wá sí mi lẹ́nu, Bàbá ń ka tiwọn ní lárúbáwá, kò sì sí èyí tó lè mú awakọ̀ kan jáde. Ọkọ mi ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó tún ní kí n má bínú pé òun ti ba ìró mi jẹ́.

Wọ́n kírun tán, awakọ̀ sáré wá. Ọ̀nà Ìbàdàn yẹn, bí òjò ti ṣe é, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí ni mo ń kà sí ẹ̀bi mi.

Dókítà rántí mi. Ó wo orí rẹ̀ tí wọ́n fá, ó wo àyà, ó wo ẹ̀yìn, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ìbá kúkú bú mi. Wọ́n fún ọkọ mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n ní ó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú, kí a fún un lára tiwa. Tèmi kò bá tirẹ̀ mu. Bàbá, tí wọ́n ti ń sọ látọjọ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lára àgbà kì í padà, ká apá ẹ̀wù wọn sókè kí dókítà tó parí ọ̀rọ̀. Tiwọn bá a mu. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wo ìgò náà bó ṣe ń kán, ètè wọn ń mì.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ojú gbẹ́rẹ́ náà gbẹ. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún dókítà, òyìnbó náà kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ṣùgbọ́n ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n ti dá oògùn yẹn dúró, kò sì ní lè padà sí i láìpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dì báyìí. Bí ó bá tún lọ dì sí ọ̀nà ọkàn, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ òun. Mo bi í pé kí ni kí n máa ṣe. Ó ní kí n jókòó tì í.

Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sí iṣẹ́ tó ń tánni lágbára bí èyí tí kò ní nǹkankan nínú. Mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bó bá wúkọ́, èmi náà á dìde. Ara rẹ̀ yá díẹ̀ lójú. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń ṣàríwísí aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní ẹni tó gé èjìká rẹ̀ kò lójú. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣé. Obìnrin mìíràn ìbá ti pariwo níwájú Bàbá kí abẹ tó kàn mí." Mo fa ọwọ́ mi yọ. Ó rò pé ojú ló ń tì mí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo lọ fọ kọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi. Kò jìnnà, mo lè rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tí mo máa fi padà dé, nọ́ọ̀sì ti fa aṣọ yí i ká. Mo dúró síta aṣọ náà pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ló mú un, kò pẹ́ rárá.

A gbé e wálé, a sì sin ín lọ́jọ́ náà bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Mo wọlé opó. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá kí mi láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ oko, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á béèrè bóyá a rí jẹ. Wọ́n ti rù. Wọn kì í wò mí lójú, èmi náà kì í wò wọ́n.

Ó tó bí ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó wọlé jókòó.

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Èmi ni mo lọ mú onígbàjámọ̀ wá. Èmi ni mo ní kó dùbúlẹ̀. Lójú rẹ ni. O ní dókítà sọ fún ọ pé abẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Àbúrò mi, ṣé òun náà mọ̀? Nígbà tó bọ́ ẹ̀wù tó dùbúlẹ̀ fún mi, ṣé ó mọ̀ pé ó lè pa òun?"

Mo wò wọ́n. Apá tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ra. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́, wọn ò ní pẹ́ tẹ̀ lé àbúrò wọn lọ.

Mo ní, "Wọn kò mọ̀, sà. Èdè òyìnbó ni dókítà fi bá mi sọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀rù á bà wọ́n, n kò túmọ̀ ibẹ̀ fún wọn."

"Ìwọ nìkan lo mọ̀."

"Èmi nìkan ni, sà."

"O sì gbé omi wá."

"Mo gbé omi wá."

Wọ́n mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù lórí rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láìyíjú padà.

"Kí Ọlọ́run foríjì ọ́," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Àmín, sà."